Odídẹrẹ́: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ra ayékòótọ́ sílé

Ọ̀pọ̀ yín ti rí i rí. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ há ọkọ̀ mọ́ ojú títì, ọmọkùnrin kan gbé àgò kékeré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹyẹ aláwọ̀ eérú kan wà nínú rẹ̀, ìrù rẹ̀ pupa fòò. Ọmọkùnrin náà ní ẹyẹ yìí gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé bí ẹ bá kọ́ ọ díẹ̀ sí i, yóò máa kí àlejò yín. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ti ń bẹ bàbá wọn. Kí ọkọ̀ tó sún síwájú, ìdúnàádúrà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹyẹ náà ni odídẹrẹ́, tí a tún ń pè ní odídẹ tàbí ayékòótọ́. Kì í ṣe ẹyẹ téèyàn ń rà bí ẹni ra búrẹ́dì lójú ọ̀nà. Ó lè lo ogójì ọdún láyé, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ́n orí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Òfin Nàìjíríà àti àdéhùn àgbáyé dá sí ọ̀rọ̀ rírà àti títà rẹ̀. Ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ọ̀pọ̀ igbó tó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn nǹkan tó wà nísàlẹ̀ yìí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ sìn ín mọ̀ kó tó ki ọwọ́ bọ àpò.

Irú ẹyẹ wo ni?

Igbó ilẹ̀ Áfíríkà ni ilé odídẹrẹ́. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó tóbi jù ni ti Gánà, Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti Kóńgò, títí lọ dé apá kan ní Kẹ́ńyà. Psittacus erithacus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èkejì kéré díẹ̀ sí i, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú jù, pupa ìrù rẹ̀ ń lọ sí dúdú. Psittacus timneh lorúkọ tirẹ̀, a sì ń rí i ní Gínì, Sierra Leone, Làìbéríà àti apá ìwọ̀ oòrùn Côte d'Ivoire.

Odídẹrẹ́ tiwa gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33, ìwọ̀n rẹ̀ sì máa ń wà láàárín gíráàmù 400 sí 500. Akọ àti abo jọra débi pé ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ìyẹ́ ni dókítà ẹranko fi ń mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí ẹni tó ń tà á bá ń búra pé akọ ni, ẹ máa fi etí kan gbọ́ ọ.

Nínú igbó, inú ihò igi ńlá ni abo ń yé ẹyin sí, méjì sí márùn-ún, yóò sì sàba lé e fún bí oṣù kan. Ọmọ tó bá pa lè lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá kó tó lè fò kúrò nínú ihò. Yóò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí òun náà tó dàgbà tó ẹni tó ń yé ẹyin. Akọ kan àti abo kan ló máa ń wà pa pọ̀ bíi tọkọtaya. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á kóra jọ sórí igi gíga, ariwo wọn á sì gba gbogbo igbó kan. Ẹyẹ àwùjọ ni. Dídá gbé kò sí nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, odídẹrẹ́ ní àyè tirẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ Ìwó, odídẹrẹ́ ló máa ń tẹ̀ lé e. Ìkóóde, ìyẹ́ pupa ìdí rẹ̀, jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ nínú ètò oyè àti ti òrìṣà. Òkun kò dí i lọ́nà: àwọn tó ń ṣe Candomblé ní Brazil ń so ó mọ́ iwájú orí ìyàwó òrìṣà títí dòní, ekodidé ni wọ́n sì ń pè é. Olóògbé Olóyè Bísí Ọnàbánjọ, tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn láti 1979 sí 1983, fi "Ayékòótọ́" ṣe orúkọ ìnagijẹ nígbà tó ń kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn. Orúkọ náà bá a mu, nítorí ẹyẹ yìí kì í fi ohun tó bá gbọ́ pamọ́.

Ọgbọ́n rẹ̀ ni ẹwà rẹ̀, òun náà ni wàhálà rẹ̀

Ní 1977, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, Irene Pepperberg, ra odídẹrẹ́ kan, ó sì sọ ọ́ ní Alex. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá ẹyẹ yìí ṣiṣẹ́. Alex mọ orúkọ nǹkan tó tó 50, ó mọ àwọ̀ méje, ó mọ ìrísí márùn-ún, ó sì ń ka nǹkan dé orí mẹ́fà. Bí wọ́n bá gbé ohun méjì síwájú rẹ̀, ó lè sọ bóyá àwọ̀ ni wọ́n fi yàtọ̀ síra tàbí ìrísí. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 ló kú, ọmọ ọdún 31 ni.

Ní 2020, ìwádìí tí Désirée Brucks àti Auguste von Bayern gbé jáde fi nǹkan mìíràn hàn. Wọ́n kọ́ àwọn odídẹrẹ́ láti máa fi ohun kan bí owó gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà ọ̀kan tí kò lè gba oúnjẹ mọ́, ó kó "owó" ọwọ́ rẹ̀ fún èkejì rẹ̀ kí ìyẹn lè fi jẹun, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Ẹ wá rò ó wò. Ẹyẹ tó lọ́gbọ́n tó báyìí kò lè wà nínú àgò láti àárọ̀ dalẹ́ kó máa wo ògiri. Bí nǹkan bá sú u, tàbí tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu. Àwọn kan á fà á títí àyà wọn á fi hòòhò bíi ti adìẹ tí wọ́n ti tu níyẹ̀ẹ́. Bí ìwà yìí bá ti mọ́ ọn lára, ó ṣòro gan-an láti fi sílẹ̀. Àwọn mìíràn á máa ké láìdákẹ́, tàbí kí wọ́n máa gé ẹni tó bá na ọwọ́ sí wọn jẹ. Ẹnu tó ń fọ́ èkùrọ́, ìka èèyàn kò jẹ́ nǹkan kan sí i.

Ẹ sì tún mọ èyí: kì í ṣe gbogbo odídẹrẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan wà tí wọn ò ní sọ ọ̀rọ̀ kan títí ayé wọn. Èyí tó bá sì ń sọ, kì í yan ohun tó máa sọ. Ìró fóònù, ikọ́ bàbá àgbà, ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, èébú tí tọkọtaya bú ara wọn lóru, gbogbo rẹ̀ ló lè tún sọ níwájú àlejò. Ìdí orúkọ ayékòótọ́ nìyẹn.

Kí ló dé tó fi ń tán nínú igbó?

Ohun méjì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni gígé igi. Igi ńlá tó ní ihò ni odídẹrẹ́ ń yé ẹyin sí, irú igi bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń la pákó kọ́kọ́ ń wá. Èkejì ni ọjà ẹyẹ ọ̀sìn. Láti 1975, ó ju mílíọ̀nù kan odídẹrẹ́ tí wọ́n kó jáde nínú igbó Áfíríkà lọ sí òkè òkun, ìyẹn èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ o. Èyí tí wọ́n kó gba ẹ̀yìn lọ kò sí nínú iye yẹn.

Àtè ni ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ń mú un. Wọ́n á fi ẹyẹ kan ṣe ẹ̀tàn lórí igi, wọ́n á fi àtè sí ẹ̀ka, àwọn yòókù á bà, ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ wọn á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn mìíràn á gun igi lọ kó ọmọ inú ihò. Láti ibẹ̀, inú àpótí tí afẹ́fẹ́ kò ti tó ni wọ́n ń kó wọn sí, láìsí omi tó tó. Ọ̀pọ̀ ló ń kú sọ́nà kí ìyókù tó dé ọjà. Láàárín 2007 sí 2008, àwọn aláṣẹ Kamẹrúùnù gba odídẹrẹ́ tó ju 1,000 lọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹ̀yìn ní pápákọ̀ òfurufú Douala. Ibùdó ẹranko tó wà ní Limbe ni wọ́n kó wọn lọ fún ìtọ́jú.

Gánà ni àpẹẹrẹ tó bani lẹ́rù jù. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún odídẹrẹ́ orílẹ̀-èdè náà ló ti pòórá. Ní ọdún kan náà, àjọ IUCN, tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó ń parẹ́, fi odídẹrẹ́ sí ìpele àwọn tó wà nínú ewu ńlá. Ẹyẹ tó ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́ kò lè tètè dí àlàfo irú èyí.

Kí ni òfin sọ?

Àdéhùn àgbáyé kan wà tó ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. CITES lorúkọ rẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ní 1974. Ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Johannesburg lọ́dún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè dìbò láti gbé odídẹrẹ́ lọ sí Àfikún Kìíní, ìyẹn ibi tí ìdáàbòbò ti le jù. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 tí ìpinnu náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí àyè láti kó odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fún títà.

Nílé níbí, òfin ẹ̀dá tó wà nínú ewu, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1985 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2016, ló gbé àdéhùn náà wọ òfin Nàìjíríà. Àjọ NESREA ló wà nídìí iṣẹ́ yìí, àwọn aṣọ́bodè náà sì ń mú àwọn tó bá ń kó o kọjá. Pé wọ́n ń tà á ní gbangba lójú títì kò sọ ọ́ di ohun tó bófin mu.

Fún àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ sí i. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta odídẹrẹ́ láìsí ìwé ẹ̀rí ìjọba tó sọ ibi tó ti wá. Amẹ́ríkà ti ní òfin tó de kíkó ẹyẹ igbó wọlé láti 1992. Àwọn orílẹ̀-èdè European Union náà ti fòfin de kíkó ẹyẹ igbó wọlé fún òwò láti 2007. Kódà ìyẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ àdéhùn yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìkóóde kọjá ibodè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, kí ọ̀rọ̀ sì di ti ọlọ́pàá.

Báwo lẹ ṣe máa dá ẹyẹ igbó mọ̀?

Àwọn odídẹrẹ́ kan wà tí wọ́n pa wọ́n sílé ẹni tó ń sin ẹyẹ, tí bàbá àti ìyá wọn wà lábẹ́ ìtọ́jú. Ìyàtọ̀ wọn sí ti igbó hàn:

Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń sin ẹyẹ lọ́nà tó tọ́ máa ń fi òrùka tí kò ní ojú ibi tí wọ́n ti dì í sí ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹ nígbà tó ṣì kéré. Bí ẹsẹ̀ bá ti tóbi, irú òrùka bẹ́ẹ̀ kò lè wọlé mọ́. Òrùka tó ní ojú ṣíṣí lè jẹ́ pé àná ni wọ́n fi sí i.

Ẹ wo ojú rẹ̀. Ọmọ odídẹrẹ́, ojú rẹ̀ máa ń dúdú. Bó ṣe ń dàgbà ni ojú náà á máa di eérú, lẹ́yìn náà á wá di yẹ́lò. Bí wọ́n bá ní ọmọ oṣù mẹ́ta ni, tí ojú rẹ̀ sì ti yẹ́lò, irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ẹ wo ìyẹ́ apá rẹ̀. Bí àtè bá lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tí wọ́n gé e jákujàku, igbó ló ti wá.

Ẹ sún mọ́ ọn. Odídẹrẹ́ tí wọ́n tọ́ láti kékeré á wo èèyàn, ó lè bẹ̀rù díẹ̀. Èyí tí wọ́n mú nínú igbó á sá lọ sí ìkángun àgò, á sì máa kùn bí ajá tó ń bínú.

Ẹ béèrè ìwé. Ẹni tó bá ń sin ẹyẹ lóòótọ́ á fi bàbá àti ìyá rẹ̀ hàn yín, á sì lè sọ ọjọ́ tí wọ́n pa á. Bí ìdáhùn bá ń yí bírí, ẹ máa bá tiyín lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé àánú ẹyẹ náà ló ṣe àwọn lójú títì, pé àwọn rà á kó má bàa jìyà. Àánú náà dára, ṣùgbọ́n owó tí ẹ san yẹn ni ọdẹ máa fi padà lọ sínú igbó.

Ṣé ẹ lè bá a dé òpin?

Ẹni ọgbọ̀n ọdún tó bá gbé ọmọ odídẹrẹ́ wálé lónìí lè ti lé ní àádọ́rin kí ẹyẹ náà tó kú. Ta ló máa tọ́jú rẹ̀ bí iṣẹ́ bá gbé yín lọ sí ìlú mìíràn? Bí ẹ bá jápa lọ sí Kánádà ńkọ́? Ẹ ò lè gbé e dání bí ẹ ṣe ń gbé àpò, nítorí òfin tí a ti sọ lókè. Ọ̀pọ̀ odídẹrẹ́ ló ti ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ yìí kì í gbàgbé ẹni tó bá ti mọ́ lára bọ̀rọ̀.

Lójoojúmọ́, ó nílò kí wọ́n tú u sílẹ̀ nínú àgò fún wákàtí díẹ̀, kí ẹnì kan sì bá a ṣeré. Ó nílò oorun wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá lálẹ́, níbi tó dákẹ́ tó sì ṣókùnkùn. Yàrá tí tẹlifíṣọ̀n ti ń pariwo di ọ̀gànjọ́ kò bá a lára mu. Ilé tí gbogbo èèyàn ti ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí, tí wọ́n ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò yẹ fún odídẹrẹ́.

Ilé tó yẹ ẹ́

Àgò tó kéré jù ni ti èyí tí ẹyẹ náà ti lè na apá méjèèjì láìkan irin. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 60 ní fífẹ̀, 60 ní jíjìn, àti 90 ní gíga ni ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, ó dára jù. Kí àlàfo àárín irin jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, kí orí rẹ̀ má bàa há. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà tí wọ́n kùn ní síǹkì àti ọ̀dà àtijọ́ tó ní òjé nínú, nítorí odídẹrẹ́ máa ń fi ẹnu họ irin, májèlé sì ni àwọn méjèèjì.

Ẹ̀ka igi gidi ló dára jù fún ìbàsí rẹ̀, kí àwọn kan nípọn kí àwọn kan tín-ín-rín, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa ṣe eré ìdárayá. Ohun ìṣeré rẹ̀ kò nílò owó ńlá: páálí, igi rírọ̀, ṣùkù àgbàdo, ìwé tí ẹ fi wé ẹ̀pà kó lè máa tú u. Ohun tó máa fọ́ ló ń wá, ẹ má bínú bó bá fọ́ ọ. Ẹ máa wọ́n omi sí i lára tàbí kí ẹ gbé abọ́ omi fún un láti wẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ara rẹ̀ máa ń ní lẹ́búlẹ́bú funfun tó ń fò káàkiri, nítorí náà ẹni tó ní ikọ́ fée nínú ilé yẹ kó rò ó dáadáa.

Kí ló ń jẹ?

Nínú igbó, ẹyìn ọ̀pẹ wà lára oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, pẹ̀lú oríṣiríṣi èso àti kóró. Àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú ilé ni fífún un ní ẹ̀pà àti kóró gbígbẹ nìkan lójoojúmọ́. Ọ̀rá pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n Vitamin A àti calcium, èròjà tó ń mú egungun le, kò tó. Odídẹrẹ́ sì wà lára àwọn ẹyẹ tí àìtó calcium tètè ń bá jà. Ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ó lè ṣubú láti orí igi, gìrì sì lè mú un.

Oúnjẹ ẹyẹ tí ilé iṣẹ́ ṣe ní kóró kóró ló dára fún ìpìlẹ̀, bí ẹ bá rí i rà. Ẹ wá fi àwọn nǹkan tútù kún un: tẹ̀tẹ̀, kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún tí wọ́n sè, ìbẹ́pẹ, àgbàdo tútù, ẹ̀wà sísè tí kò ní iyọ̀, àti ẹyìn díẹ̀. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu bó ṣe ń ta èèyàn, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù bó bá ń jẹ ẹ́. Ìtànṣán oòrùn àárọ̀ náà ṣe pàtàkì, torí òun ló ń jẹ́ kí ara rẹ̀ lè lo calcium. Ẹ kàn rí i pé ibòji wà níbi tó lè sá sí. Omi mímọ́ lójoojúmọ́ o.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu: píà, ṣokoléètì, kọfí, ọtí, àlùbọ́sà, oúnjẹ oníyọ̀, àti ẹ̀pà tó ti bu. Díẹ̀ nínú píà lè pa á.

Ohun tó lè pa á nínú ilé

Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kì í gba èéfín. Páànù ìdáná tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bó bá gbóná jù lórí iná, ó ń tú èéfín kan jáde tí èèyàn lè má gbọ́ òórùn rẹ̀, tó sì lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀, sìgá, oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń dáná sun àti èyí tí wọ́n ń fín, gbogbo wọn léwu fún un. Ẹ má gbé àgò sí ilé ìdáná. Kí ẹ tó tú u sílẹ̀, ẹ pa fáànù òkè, ẹ ti fèrèsé, ẹ bo garawa omi, ẹ sì wo ibi tí ológbò wà.

Àìsàn àti dókítà

Ẹyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́, nítorí nínú igbó, èyí tó bá ṣàárẹ̀ ni àṣá ń kọ́kọ́ rí. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí àmì, ó lè ti pẹ́. Bó bá wú ìyẹ́ sókè ní gbogbo ọjọ́, tó jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí, tí kò jẹun, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ yí padà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ló mọ̀ nípa ẹyẹ ọ̀sìn inú ilé, nítorí náà ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ra ẹyẹ. Àwọn ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti FUNAAB l'Ábẹ́òkúta jẹ́ ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Àìsàn kan wà tó lè ti ara ẹyẹ yìí ran èèyàn. Psittacosis lorúkọ rẹ̀, inú eruku ìgbẹ́ àti ìyẹ́ ló sì ń gbà wọ ara. Ibà, orí fífọ́ àti ikọ́ gbígbẹ ni àmì rẹ̀ lára èèyàn, ó rọrùn láti rò pé ibà ẹ̀fọn ni. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà pé ẹ ní ẹyẹ nílé. Ẹ máa fi omi rin ìsàlẹ̀ àgò kí ẹ tó nù ún, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ.

Bí ẹ bá ti ní ọ̀kan nílé ńkọ́?

Ẹ má là á lójú pé kó máa fò lọ. Ẹyẹ tó ti pẹ́ nínú àgò kò mọ ibi tí ẹyìn wà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún àṣá, ebi ló máa pa á. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ kàn sí ọ́fíìsì NESREA tàbí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ yín, kí wọ́n sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ní báyìí ná, ẹ tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe, ẹ fẹ àgò rẹ̀, ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tuntun kò ní wọ̀ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹ́ pupa tó bá ń já sílẹ̀ lára rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ìkóóde. Ẹyẹ máa ń pàrọ̀ ìyẹ́, kò sí ìdí láti fà á tu, ká má tíì sọ pé ká pa á.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ẹyẹ nínú ilé ní ọ̀nà mìíràn. Ẹyẹlé wà. Ó ti ń bá onílé jẹ, ó ti ń bá onílé mu láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó ń pọ̀ sí i nínú ilé, òfin kò sì dè é. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tí wọ́n ń pa nínú àgò, bíi budgerigar ilẹ̀ Ọsirélíà, náà wà, kì í ṣe igbó wa ni wọ́n ti ń kó wọn. Ìtọ́jú wọn rọrùn ju ti odídẹrẹ́ lọ, ọjọ́ ayé wọn kò sì gùn tó tirẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ odídẹrẹ́ náà ni dandan, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí kí ẹ tó sanwó. Ṣé ìwé rẹ̀ pé? Ta ló máa wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án? Dókítà wo ló máa wò ó? Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ogún ọdún? Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá ní ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa sún lọ.

Bí àwọn àgbà bá ń ṣàdúrà fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, wọ́n máa ń ní odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Àdúrà náà dá lórí ẹyẹ tó ń jáde láàárọ̀ tó sì ń padà sílé nírọ̀lẹ́. Èyí tó wà nínú àgò lójú títì yẹn jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan láti wá ẹyìn jẹ, kò sì padà sílé mọ́.